Eérú Kòkó, Níkẹ́lì àti Iná Ilé Ìgbẹ̀bí Ajue

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ ọmọ mi obìnrin ra bátìrì kan fún ínfátà ilé wọn ní Ore. Nígbà tó sọ iye tó rà á fún mi, mo ní kó tún un sọ, nítorí mo rò pé etí mi ló ń ṣe mí báyẹn. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó náírà. Bátìrì kan ṣoṣo. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àádọ́ta kọ́bọ̀ ni a fi ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán, ẹran adìyẹ á sì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ní náírà márùn-ún lápò ní Ore yóò wọkọ̀ dé Èkó, yóò jẹun lọ́nà, yóò sì tún ra búrẹ́dì fún ẹni tó fẹ́ lọ kí. Bí mo ti ń sọ ọ́ fún un, ọmọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin kò ra bátìrì ínfátà nígbà yẹn o."

Òótọ́ ló sọ. A kò rà á. A ṣe é ni.

Ó wò mí bí àwọn ọmọdé ti máa ń wo àgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù rẹ̀ sí mi lójú, ó ní kí n wo ohun tuntun tí àwọn ará òkè òkun ń ṣe: bátìrì tí wọ́n fi níkẹ́lì àti síǹkì ṣe, tí ènìyàn lè gbé kalẹ̀ sínú ilé kó máa fi pa iná mọ́ di alẹ́, tí kì í gbiná, tí kò sì ní májèlé òjé nínú. Ohun tuntun. Mo dá fóònù náà padà fún un, mo ní kó bá mi bu omi wá. N kò lè máa bá ọmọdé jiyàn lórí àga tí òun ló rà. Ṣùgbọ́n mo lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Kẹ́místrì ni mo kà. Nígbà tí mo jáde, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀dà ní Èkó gbà mí síṣẹ́, mo sì rò pé ayé ti bọ́ sí i fún mi. Kò pẹ́ tí àwọn ológun tún gbàjọba. Wọ́n ní owó ìlú ti tán, kí gbogbo wa so ìgbànú wa le. Àwọn ohun tí a fi ń ṣe ọ̀dà kò lè wọlé láti òkè òkun mọ́, ni ilé iṣẹ́ bá dá wa dúró. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ mi wọ ọkọ̀ òfurufú. Èmi wọ ọkọ̀ akẹ́gẹdú tó já ẹrù sílẹ̀ sí Èkó tó ń padà lọ lófìfo, mo jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, mo sì padà sí Odigbo tí wọ́n ti bí mi. Mo gba iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbẹ̀. Owó oṣù máa ń pẹ́ kó tó dé. Nígbà mìíràn, ìròyìn rẹ̀ nìkan ló máa ń dé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni agbẹ̀bí ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní Ajue nígbà náà. Kì í ṣe ìjọba ló kọ́ ilé náà. Àwọn ará Ajue ló kọ́ ọ fúnra wọn ní ọdún kan tí kòkó so dáadáa: yàrá méjì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, páànù lórí. Ìjọ tó wà níbẹ̀ ra jẹnẹrétọ̀ kékeré kan sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń sọ yìí, epo bẹntiróòlù ti di ohun tí ènìyàn ń tò fún láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ní Ore. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá rí jálá kan, jẹnẹrétọ̀ lè mu ún tán kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa, ọmọ tí a ń retí kò sì ní mọ̀ pé epo ti tán. Fìtílà ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń gbẹ̀bí. Ọwọ́ kan fún fìtílà, ọwọ́ kan fún ọmọ, bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kan tí mo lọ kí i, ọkọ̀ ìjọba kan wọ àgbàlá. Alábòójútó ètò ìlera ló sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀, ọkùnrin tó sanra níwọ̀nba, tó wọ aṣọ kákí tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Sójà kan jókòó sínú ọkọ̀, kò sọ̀kalẹ̀. Alábòójútó náà wo yàrá méjèèjì, ó wo ibùsùn, ó wo fìtílà. Ó ní ìjọba ti pàṣẹ pé ilé ìgbẹ̀bí èyíkéyìí tí kò bá ní iná mànàmáná láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀, títì ni wọn yóò tì í. Kí àwọn aláboyún máa lọ sí Ore.

Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé, "Ọ̀gá, ọ̀nà Ore yìí náà lẹ gbà wá. Báwo ló ṣe ṣe ìbàdí yín?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ra bátìrì ńlá, kí ẹ máa fi jẹnẹrétọ̀ ṣáájì rẹ̀ lọ́sàn-án. Mo mọ ẹni tó ń tà á, kò jìnnà sí ọ́fíìsì wa."

"Kí la ó fi rà á?"

"Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba, màdáámù. Kí kòkó ọdún tó ń bọ̀ tó wọlé tán, mo máa padà wá."

Nígbà tí eruku ọkọ̀ wọn ti rọlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. Ó ní, "Àbúrò, gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ẹ ní yunifásítì yẹn, ṣé kò sí bátìrì nínú rẹ̀?"

Mo ní ó wà nínú rẹ̀.

"Ó dáa. Ṣe é."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ohun tí ènìyàn kàn ń..."

"Mi ò bi ẹ́ bóyá ó rọrùn." Ó ti wọlé lọ kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi.

Mo mọ ọ̀nà náà ní kíkà. Níkẹ́lì lápá kan, síǹkì lápá kejì, omi líle kan tó ń jóni lọ́wọ́ láàrin wọn. Òyìnbó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, wọ́n sì ti pa á tì nítorí pé síǹkì kì í pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni ibi tí mo ti máa rí níkẹ́lì nínú igbó Odigbo nígbà tí ìjọba kò jẹ́ kí abẹ́rẹ́ pàápàá wọlé.

Àga ló fi hàn mí. Láàrin Odigbo àti Ajue, ilé iṣẹ́ gẹdú àwọn òyìnbó kan ti ní àgọ́ níbẹ̀ rí, wọ́n sì ti lọ tipẹ́. Àgbẹ̀ kan láti ilẹ̀ Ẹbira ló ń gbé inú àgọ́ náà, ó ń dáko ẹ̀gẹ́, ó sì ń tọ́jú kòkó fún onílẹ̀. Mo máa ń yà síbẹ̀ mu omi. Ó ní àwọn àpótí irin dúdú kan tó fi ń ṣe àga, tí àwọn àlejò rẹ̀ máa ń jókòó lé. Mo ti jókòó lé wọn láìmọye ìgbà. Lọ́jọ́ náà, nígbà tí mo fẹ́ dìde, mo rí orí méjì tó yọ lórí àpótí náà, ọ̀kan pẹ̀lú àmì àròpọ̀ tí wọ́n máa ń kọ sára bátìrì, ọ̀kan pẹ̀lú àmì àyọkúrò. Mo ṣí ọ̀kan. Àwọn pátákó níkẹ́lì wà nínú rẹ̀ bí wọ́n ti tò wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n dúdú, wọ́n sì dúró ṣinṣin. Bátìrì níkẹ́lì àti irin ni wọ́n, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń lò fún iná àgọ́ wọn. Apá irin rẹ̀ ti kú. Níkẹ́lì kì í tètè kú.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ gba àwọn àga yín."

Ó wò mí, ó wo àpótí. "Tíṣà, ẹ kò ní àga nílé ni?"

"Mo máa kan onígi fún yín."

"Onígi kò ní jó ìdí mi tí oòrùn bá pa á." Ó ronú díẹ̀. "Ẹ kó o. Ṣùgbọ́n ẹ fi méjì sílẹ̀. Ìyàwó mi ti fẹ́ràn tiẹ̀."

Síǹkì kò ṣòro. Ìkòkò kékeré tó wà lára òkú bátìrì tọ́ọ̀ṣì, síǹkì ni. Àwọn ọdẹ wa tí wọ́n ń so tọ́ọ̀ṣì mọ́rí wọ igbó ní òkìtì rẹ̀ lẹ́yìn ilé wọn. Omi líle náà kò sì ṣòro, nítorí pé inú rẹ̀ ni wọ́n ti bí mi. Ìyá mi ń se ọṣẹ dúdú ní Odigbo. Èèpo kòkó tí àwọn ẹlòmíràn ń dà nù sábẹ́ igi ni ìyá mi ń sá, tó ń sun, tó ń rẹ eérú rẹ̀ sínú omi, tó ń sẹ́. Omi eérú yẹn ló ń mú epo di ọṣẹ. Tí wọ́n bá wá fi ìkarahun ìgbín tí wọ́n sun di ẹfun sínú rẹ̀, yóò le sí i, yóò di ohun tí wọ́n ń rọ sínú ìgò ní ilé ìwádìí wa ní yunifásítì, tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun. Kò sí ìwé kan tí wọ́n ti kọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ni omi, ibi yòówù kó ti wá.

Ohun tó ṣòro ni aṣọ tí yóò wà láàrin níkẹ́lì àti síǹkì. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí omi kọjá, kó má sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì fọwọ́ kanra. Mo rántí pé ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán lára páálí sìgá lè ṣe é, nítorí igi ni wọ́n fi ṣe irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀, omi eérú kì í sì í jẹ ẹ́. Ibo ni sìgá pọ̀ sí ju Ore lọ? Gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Èkó tó ń lọ sí Benin ló ń dúró níbẹ̀ jẹun. Awakọ̀ á sọ̀kalẹ̀, á jẹ ẹ̀bà tán, á fa ọ̀rá ya lára páálí, á sọ ọ́ sílẹ̀. Èmi á bẹ̀rẹ̀, màá ṣà á.

Ẹ lè fojú inú wò ó. Olùkọ́ kẹ́místrì, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ló ń ṣa ìdọ̀tí ní gáréèjì.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀, ẹgbẹ́ mi ni, iṣẹ́ rẹwáyà ló ń ṣe lẹ́bàá títì. Ó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ó sì ń ṣáájì bátìrì fún àwọn awakọ̀. Yunifásítì ló máa ń pè mí.

Ó ké sí mi níṣojú gbogbo ayé, "Yunifásítì, ṣé àìsàn ti wọ orí ni?"

"Ọ̀rá sìgá ni mò ń ṣà."

"Mo ti rí i. Tí o bá fẹ́ mu sìgá, sọ fún mi, mo máa ra ẹyọ kan fún ẹ. Má ba ẹgbẹ́ wa lójú jẹ́."

Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dá sí i. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ìwé àkàjù ló ń ṣe é. Ó ń ṣe àbúrò ọkọ mi náà."

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún rẹwáyà náà, kò gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ó gbé mítà àti ẹ̀rọ ìṣáájì rẹ̀ fún mi. Láti ọjọ́ náà, bí awakọ̀ kan bá ti tan sìgá nítòsí rẹ̀, á na ọwọ́ sí i, á ní, "Ọ̀rá yẹn. Mú un wá. Ti ìjọba ni."

Ìdí ìsọ̀ rẹ̀ ni mo ti so àpótí àkọ́kọ́ pọ̀. A ṣáájì rẹ̀ ní òwúrọ̀, a so gúlóòbù tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn. Ọ̀sán gangan ni. Rẹwáyà fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo gúlóòbù náà kó lè rí i dáadáa, ìmọ́lẹ̀ pupa sì yọ láàrin àwọn ìka rẹ̀.

Ó ní, "Kò lágbára."

"Ó tàn."

"Mo ní kò lágbára. Mi ò ní kò tàn." Ṣùgbọ́n ó lọ pe obìnrin oníbúrẹ́dì wá wò ó.

Bátìrì náà kú kó tó tó àkókò. Mo tú u, mo sì rí ohun tó jẹ́ kí òyìnbó pa á tì. Bí a ti ń ṣáájì rẹ̀, síǹkì ń hu irun wẹ́wẹ́, irun yẹn ló ń gún ọ̀rá já, tó ń kan níkẹ́lì. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé wálé láti òkè òkun fún Kérésìmesì, ó yà kí mi, ó rí irun síǹkì náà lórí tábìlì mi. Ó mi orí. Ó ní àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti gbìyànjú rẹ̀ ti, wọn ò sì rí i ṣe, kí wá ni èmi rò pé mo lè ṣe ní Odigbo.

Mo ní, "Wọn ò tíì gbìyànjú rẹ̀ ní Odigbo."

Ó fún mi ní ṣẹ́ẹ̀tì kan tó mú wá láti ibẹ̀, ó lọ. Ṣẹ́ẹ̀tì tó dára ni. Mo wọ̀ ọ́ títí ó fi ya.

Mo fi kún ọ̀rá sìgá náà, ìpele lórí ìpele. Mo po ẹfun ìkarahun ìgbín mọ́ síǹkì tí mo ti lọ̀ di ìyẹ̀fun, nítorí pé ẹfun náà kì í jẹ́ kí síǹkì yọ́ sínú omi kó lọ máa rìn kiri. Irun ṣì ń hù, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ kó tó hù. Àpótí kejì pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìkẹta pẹ́ jù ú lọ. Nígbà tí kòkó ti ń pọ́n lórí igi, a ti ní èyí tó tó láti tan gúlóòbù ọkọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí. A kó wọn lọ sí Ajue, a tò wọ́n sórí pákó lábẹ́ fèrèsé ilé ìgbẹ̀bí, nítorí pé wọ́n wúwo, wọn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé kiri. Ibi tí a bá gbé wọn kalẹ̀ sí ni wọ́n máa wà.

Omi inú àwọn kan nínú wọn ti fà. Abọ́ tí mo máa ń lò ní ilé ẹ̀kọ́ láti sẹ́ omi eérú ti jò nídìí, ìyá mi sì ní kò sí wàhálà, òun yóò sè é fún mi nínú ìkòkò òun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa ìkòkò ọṣẹ níbi tí a ti wá. Wọn kì í fọ̀ ọ́. Láti ìgbà tí ìyá ìyá mi ti ń lo ìkòkò náà, ẹnikẹ́ni kò fi kànrìnkàn kàn án. Ọṣẹ ló wà nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ni ènìyàn tún fẹ́ fi fọ̀ ọ́? Kò sí ohun èlò kan nínú ilé wa tó mọ́ jù ú lọ lójú wa. Ìyá mi kò rò ó, èmi náà kò rò ó. Gbogbo wa la dàgbà sínú ìgbàgbọ́ yẹn bí a ti dàgbà sínú èdè wa. Mo ru omi eérú náà lọ sí Ajue nínú kẹ́ẹ̀gì, mo sì fi kún inú gbogbo àwọn àpótí náà.

Ọjọ́ kejì ni alábòójútó dé.

Obìnrin kan ti ń rọbí nínú yàrá kejì láti òwúrọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Rẹwáyà bá mi wá láti Ore, ó ti bu bẹntiróòlù sínú jẹnẹrétọ̀, ó fẹ́ ṣáájì. Alábòójútó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn. Sójà náà sọ̀ kalẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó wá wò.

Rẹwáyà fa okùn jẹnẹrétọ̀. Ó ké. Iná wọ inú àwọn bátìrì. Fún ìgbà díẹ̀, gbogbo nǹkan dára. Lẹ́yìn náà, ohun funfun kan yọ orí láti ihò àpótí àkọ́kọ́, bí ìgbà tí ìgbín bá ń jáde. Ó yọ láti èkejì. Ó yọ láti gbogbo wọn. Ìfófòó. Ìfófòó ọṣẹ, ó ń wú, ó ń ṣàn wálẹ̀ lára pákó, ó ń gun ara wọn, ó ń lọ sí ibi bàtà alábòójútó. Àwọn àpótí náà ń fún afẹ́fẹ́ jáde bí bátìrì ti ń ṣe tó bá ń gba iná, omi wa sì ti ní ọṣẹ nínú. Ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe nínú omi ọṣẹ kò nílò yunifásítì.

Sójà náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú.

Alábòójútó wo bàtà rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, iná lẹ fẹ́ tàn ni àbí aṣọ lẹ fẹ́ fọ̀?"

Rẹwáyà pa jẹnẹrétọ̀. Ó rọra sọ sí mi létí pé, "Ó kéré tán, ó mọ́." Mo fẹ́ bínú sí i, n kò rí i bínú sí.

Alábòójútó mú àgádágodo ńlá kan jáde nínú ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ tó tutù. Ó kúrú, ẹ̀gbọ́n mi. Orí rẹ̀ kò kọjá àyà ọkùnrin náà.

Ó ní, "Ọ̀gá, obìnrin kan wà nínú."

"Ẹ mú un jáde."

"Ẹ wọlé wá mú un jáde fúnra yín."

Kò wọlé. Ó padà sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ dè é. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí: ó dè é títí obìnrin náà fi bímọ ní ìrọ̀lẹ́, kò pariwo, kò sì fọn fèrè ọkọ̀. A gba ìyá àti ọmọ jáde sí ilé ẹ̀gbọ́n mi tó dojú kọ ilé ìgbẹ̀bí náà, ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ló wà láàrin. Nígbà náà ló dìde, tó ti ilẹ̀kùn, tó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ.

Ó ní, "Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń ta bátìrì."

Ẹ̀gbọ́n mi ń wo àgádágodo náà. Nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, ó ní, "Ilé ìgbẹ̀bí ló tì. Kò ti ilé mi." Ó wá yíjú sí mi. "Fọ àwọn nǹkan yẹn. Ibùsùn ti wọ yàrá àlejò mi. Fèrèsé kan wà níbẹ̀ náà."

A tú gbogbo àwọn àpótí náà. A ṣàn wọ́n títí omi fi jáde láìní ìfófòó. Ìyá mi gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní irọ́ ni, ìkòkò òun kò lè dọ̀tí. Títí ó fi kú, kò gbà. Ó ní bátìrì òyìnbó ni kò mọ ọṣẹ. Ṣùgbọ́n ó ra ìkòkò tuntun kan, ó sì sàmì sí i pé ti bátìrì ni, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da epo sí i. Omi tó sè nínú rẹ̀ mọ́ kedere. Iná tàn nínú yàrá àlejò ẹ̀gbọ́n mi, gúlóòbù ọkọ̀ kan tó so kọ́ sókè, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà fún ọmọ.

Kò sí ẹni tó fi ọwọ́ kan àgádágodo ìjọba náà. Àwọn géńdé Ajue fẹ́ já a, ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó fẹ́ kó wà níbẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, alábòójútó tún gba ọ̀nà yẹn kọjá bí oòrùn ti ń wọ̀. Ó rí ìmọ́lẹ̀ láti ojú ọ̀nà, ó sì yà wọlé. Ilé ìgbẹ̀bí wà ní títì bó ṣe fi í sílẹ̀. Ní òdìkejì ọ̀nà, ó rí àwọn obìnrin tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ní, "Ta ló fún yín láṣẹ?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àṣẹ kí ni, ọ̀gá? Àlejò mi ni wọ́n. Àbí ìjọba ti ní kí n má gba àlejò mọ́?"

"Gbogbo àlejò yín ló lóyún?"

"Èmi kì í bi àlejò ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Kò dáa."

Àwọn obìnrin náà tẹrí ba, èjìká wọn ń gbọ̀n. Alábòójútó wọ yàrá, ó dúró lábẹ́ gúlóòbù, ó wo àwọn àpótí irin lábẹ́ fèrèsé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan orí ọ̀kan bóyá ìfófòó á tún yọ. Kò yọ.

Ó bi mí pé, "Irú bátìrì wo nìyí?"

"Níkẹ́lì àti síǹkì."

"Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Ó kàn ń tàn ni."

Ó fi ọwọ́ kan àpò rẹ̀, mo sì rò pé kọ́kọ́rọ́ ni yóò mú jáde. Áńkáṣífì ni, ó fi nu iwájú orí. Ó kí ẹ̀gbọ́n mi pé ó dàárọ̀, ó lọ. Wọ́n gbé e kúrò ní ẹkùn wa kò pẹ́ sí ìgbà náà, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ kò sì mọ ibi tí Ajue wà.

N kò ní purọ́ fún yín pé bátìrì wa kò ní àbùkù. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni mo máa ń tú wọn, tí mo máa ń pààrọ̀ síǹkì tó ti jẹ, tí rẹwáyà yóò sì ti kó ọ̀rá sìgá jọ dè mí. Ṣùgbọ́n níkẹ́lì náà kò kú. Ìjọba ológun kan lọ, òmíràn dé, wọ́n pààrọ̀ ara wọn bí mo ti ń pààrọ̀ síǹkì, gúlóòbù náà sì ń tàn. Wọ́n gbé òpó iná dé Ajue lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Òpó náà dé. Iná rẹ̀ la ṣì ń retí. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ̀yìn tì ni a tó pa tiwa.

Ọkọ ọmọ mi ní ohun tuntun ni. Ó dáa, kó jẹ́ tuntun. Inú mi dùn pé àwọn ará òkè òkun ti ń tọ̀ wá lẹ́yìn bọ̀.

Ìyá mi ti kú, ìkòkò ọṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ àbúrò mi kan, wọn kò tíì fọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kú ní ọdún tó ṣáájú èṣí. Àwọn tó gbé pósí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn bọ́ sí, lábẹ́ gúlóòbù ọkọ̀. Àgbẹ̀ Ẹbira náà padà sílé rẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ìyàwó rẹ̀ wà láàyè. Ọmọ wọn sọ fún mi pé ó kó àga irin méjèèjì lọ, ó sì ṣì ń jókòó lé wọn. Obìnrin oníbúrẹ́dì wà láàyè, ojú rẹ̀ ni kò ríran mọ́. Ọ̀rẹ́ mi tó lọ sókè òkun kú síbẹ̀. Alábòójútó, mo gbọ́ pé ó wà, ó ti darúgbó bíi tèmi. Sójà náà, n kò mọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ ìfófòó wà láàyè, ọ̀kadà ló ń gùn ní Ore. Tó bá gbé mi, kì í gbowó lọ́wọ́ mi. Rẹwáyà wà. Etí rẹ̀ ti di, a sì máa ń jókòó níwájú ìsọ̀ rẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá tan sìgá nítòsí, á ṣì na ọwọ́. Àgádágodo ìjọba wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ̀bí àtijọ́, ó ti dípẹtà, ilé náà ti wó lẹ́yìn rẹ̀.

Èmi náà wà.